Ìṣó Méje

Bàbá mi kò gun àkàbà mọ́.
Taavetti, ẹni tó máa ń rìn lórí páànù bí ológbò,
tó máa ń fi ètè mú ìṣó dání, tí á tún fẹ́ súfèé,
ìsàlẹ̀ ló dúró sí lónìí.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú
bí ẹni tó di màlúù tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ mú.
“Aune,” ó ní, “gọ́tà ni kó o kọ́kọ́ wò.”

Mo wò ó.
Ewé igi eléèpo funfun ti tò síbẹ̀ ní ipele-ipele.
Ti òkè ṣì ń tàn bí owó idẹ,
ti ìsàlẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí ẹja ọjọ́ kẹta.
Mo ń fọwọ́ bù ú, mo ń dà á sílẹ̀: pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀.
Ajá sá. Bàbá kò sá.
Ó ṣa ewé kan kúrò lórí fìlà rẹ̀:
“Omi tí kò bá rọ́nà lọ lóṣù Kẹ̀wàá
yóò di òkúta lóṣù Kọkànlá,
yóò sì wá fi eyín ya pákó.”

Létí adágún Haukilampi, ẹrù la fi ń mọ oṣù.
Oṣù kan wà tí òrùlé ń ru àgùntàn,
ọ̀kan wà tó ń ru màlúù,
tó bá fi máa di oṣù Kejì ọdún
gbogbo agbo ti gùn ún, wọn ò sì mira.

Ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í yà sí,
ohun tútù kan ti hù, ó múlọ́ bí etí ọmọ màlúù.
Ó dùn-ún wò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á kúrò.

Ìdí ihò èéfín ni mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti èṣí:
abúlẹ̀ páànù kan, ìṣó mẹ́rin.
Kò sí ẹyọ kan tó bá igi.
Ọ̀kan tẹ̀ bí ìka arúgbó,
méjì gba inú òfuurufú kọjá sínú àjà,
ẹ̀kẹrin ti bọ́, ihò rẹ̀ ló kù.
Àpá òòlù yí wọn ká, wẹ́wẹ́, lọ́pọ̀ yanturu,
bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yìnyín:
ọwọ́ tó ń wá orí ìṣó
tí ojú kò fi hàn án mọ́.

Ọkùnrin tó kọ́ ilé yìí.

“Kí ló wà níbẹ̀?” Ohùn rẹ̀ gun àkàbà wá bá mi.
“Kò sí nǹkan, Bàbá. Ó dúró dáadáa.”
Òrùlé ló ń bo àṣírí ilé,
ta ni yóò bo ti òrùlé?
Mo fa ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ, mo rọra kó wọn sápò
kí wọ́n má baà dún.
Mo fi ọ̀dà dí ojú ihò,
mo sún abúlẹ̀ náà sókè díẹ̀,
mo wá igi títí mo fi rí i,
mo sì kàn án.

Alẹ́ lẹ́, ọbẹ̀ ẹja, búrẹ́dì dúdú.
Ó ń bu èépá búrẹ́dì fún ajá, kò wo ojú mi.
“Mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀,” ó ní.
“Méje ni mo gbọ́.”
Síbí mi dúró.
“Ìṣó tó bá wọ igi, ohùn rẹ̀ máa ń nípọn.
Ti èṣí kò dún bẹ́ẹ̀.”
Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi.
Mo kó wọn fún un, ó fi àtàǹpàkò tọ́ wọn wò,
ó tò wọ́n sí etí àwo bí egungun ẹja.
“Fún mi ní iyọ̀,” ó ní.

Lóru ọjọ́ kẹta, yìnyín àkọ́kọ́ dé, kò kan ilẹ̀kùn.
Mo mú àtùpà, mo gun òkè àjà lọ.
Mo bá abọ́ kan lábẹ́ ihò èéfín,
abọ́ tó ti gbé síbẹ̀ láti èṣí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.
Mo tọ́ inú rẹ̀ wò. Ó gbẹ.
Mo dojú rẹ̀ délẹ̀.